Agolo Bátìrì Màmá Àgbà

Ọjọ́ tí ó ṣáájú àdúà ogójì ọjọ́ Màmá àgbà ni a ṣí yàrá wọn ní Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ká aṣọ sórí ẹní, èmi ń kó ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn jáde. Aṣọ òkè tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé wà níbẹ̀, bàtà tí wọn kò wọ̀ rí wà níbẹ̀. Ní igun ògiri ni ọwọ́ mi ti ba agolo mílíìkì ńlá kan tí ó wúwo bí ẹni pé òkúta ni ó kún inú rẹ̀. Mo ti ń retí owó. Bátìrì ni mo bá.

Kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu. Rédíò ni ọ̀rẹ́ Màmá àgbà láàárọ̀ àti lálẹ́, asọ̀rọ̀-má-gbèsì àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn di ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń jẹ bátìrì ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn rẹ̀ bá ti ń lọ sílẹ̀, wọ́n á yọ bátìrì náà, wọ́n á tò ó sórí páànù ilé adìẹ kí oòrùn lè pa á, wọ́n á dá a padà, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ òye ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́ lásán, nítorí ooru a máa ta èròjà inú bátìrì jí díẹ̀ kí ó tó kú pátápátá. Nígbà tí oòrùn kò bá lè ṣe é mọ́, inú agolo ló ń lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń kó o pamọ́ ni kò yé mi. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nítorí tiwa ni. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ a máa ní kí a mú òkú bátìrì wá láti ilé fún pátákó ìkọ̀wé. A ó fi òkúta fọ́ ọ, a ó lọ dúdú inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ èédú àti ewé, a ó sì fi ọwọ́ lásán kùn ún mọ́ pátákó títí yóò fi dú bí ìdí ìkòkò. Ọwọ́ wa kì í mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ọwọ́ náà ni a fi ń jẹ mọ́ínmọ́ín lákòókò ìsinmi.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pàṣẹ lórí agolo náà. Wọ́n ti dáná sí pàǹtí lẹ́yìnkùlé láti àárọ̀. "Ẹ lọ dà á síbẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí a sun ún."

"Kí ni ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé mọ̀? Láti ọjọ́ tí a ti ń sun ún, ta ni ó pa?"

Kò pa ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí àwa ọmọdé yí iná pàǹtí ká. Ohun kan dún "gbàù" nínú eérú, ọmọ aládùúgbò wa sì fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Bátìrì ni ó bú, tí ó fọ́n ẹyọ irin gbígbóná jáde. Àpá rẹ̀ ṣì wà ní abẹ́ ojú rẹ̀ di òní, ó sì ti di bàbá ọlọ́mọ méjì. Mo ń sọ èyí fún àbúrò bàbá mi, wọ́n ń dá mi lóhùn, ohùn wa ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, a kò sì rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ì tíì pé ọdún méjì, ti jókòó ti agolo náà.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ń lá nǹkan. Nígbà tí ó la ẹnu, ohun róbótó kan tí ó ń dán bí owó ẹyọ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ìyá rẹ̀ yọ ọ́. A rẹ́rìn-ín, bí ènìyàn ti í rẹ́rìn-ín nígbà tí àyà rẹ̀ bá ti já tán. Lẹ́yìn náà ni mo da agolo náà sílẹ̀. Bátìrì rédíò 31, èyí tí ó kéré bí ìka ọwọ́ 9, bátìrì fóònù kan tí ó ti wú bí búrẹ́dì, àti róbótó mẹ́rin mìíràn. Mélòó ni róbótó wọ̀nyí tẹ́lẹ̀? Ẹni tí ó mọ iye rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kàndínlógójì.

Bí a ṣe gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn nìyẹn. Kò sunkún, kò wúkọ́, ó ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ X-ray tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní èkejì, ẹni tó wà nídìí káàdì ní kí a jókòó de nọ́ńbà wa. Àbúrò bàbá mi, tí kò tíì tó wákàtí kan tí wọ́n bi mí pé ta ni bátìrì pa rí, ni wọ́n fi ọwọ́ lu tábìlì: "Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yìí ti gbé bátìrì mì!" Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ láti inú yàrá, ó sì jáde wá gbé e lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Àwòrán náà mọ́. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju egungun lọ. Dókítà fi hàn wá, ó sì ṣàlàyé ohun tí àwọn ń wá: bí ọmọdé bá gbé owó ẹyọ mì, òrùka kan ṣoṣo ni yóò hàn nínú àwòrán, bí ó bá jẹ́ bátìrì, òrùka kékeré mìíràn yóò wà nínú ti àkọ́kọ́, bí àwo tí a gbé lé orí àwo. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ó ń sunkún. Kò sí ẹni tó ní kí ó má sun ún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá bà lórí bátìrì. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú róbótó yìí, nítorí òun ni a fojú kéré jù nínú ilé. Èyí tí ó léwu jù nínú wọn ni a ń kọ CR2032 sí lára. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 3. Ó wà nínú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, nínú òṣùwọ̀n ilé ìdáná, nínú rìmóòtù pẹlẹbẹ, nínú àwọn káàdì ọjọ́ ìbí tí ń kọrin. Fífẹ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà, nítorí ó máa ń há sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé. Kò dìgbà tí ó bá jò kí ó tó ṣe ọṣẹ́. Bí ó bá ti kan ara tútù, iná a gba inú itọ́ kọjá, ní ojú tí kò ní àmì ìròpọ̀ sì ni omi ara ti ń di ohun tí ó ń jó ẹran bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Láàárín wákàtí 2, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun kọjá ohun tí oògùn lè tún ṣe. Èyí tí a sì ń pè ní òkú, tí kò lè ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́, ṣì ní agbára tó láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní ilé yín, ilé ìwòsàn tó ní X-ray ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, yálà ọmọ ń sunkún tàbí kò sunkún. Ẹ má ṣe mú kí ó bì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa tàbí ẹ̀bà pé kí ó tì í lọ. Oyin nìkan ni àwọn onímọ̀ nípa májèlé fọwọ́ sí: bí ọmọ náà bá ti ju ọdún kan lọ, tí ó lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì tó wákàtí 12 tí ó gbé bátìrì mì, ẹ fún un ní ṣíbí tíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, bí ẹ ṣe ń lọ lójú ọ̀nà. Oyin náà a bo ibẹ̀, a sì dín jíjó rẹ̀ kù. Kì í ṣe ìwòsàn, kò sì gbọ́dọ̀ dá yín dúró. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin rárá.

Àwọn yòókù nínú agolo wá ńkọ́? Mo ti ka ọ̀pọ̀ àròkọ tí ó sọ pé májèlé kan náà ni gbogbo bátìrì, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹni tí a bá sọ fún pé ohun gbogbo ló lè pa á kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ sá fún.

Bátìrì rédíò tí Màmá àgbà ń lò ni ewu rẹ̀ kéré jù. Síǹkì ni ìkòkò rẹ̀, èédú ni ọ̀pá tó wà láàárín rẹ̀, dúdú tí a fi ń kun pátákó sì ni máńgánísì. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń jẹ ìkòkò ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń jò tí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí wọ́n kọ "alkaline" sí lára ń jò bákan náà, omi rẹ̀ sì ń jó awọ ara. Ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a fi ń nu ojú ibi tó jò sí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Mẹ́kúrì tí ó mú kí àwọn méjèèjì burú láyé àtijọ́ ni àwọn tó ń ṣe é ti yọ kúrò. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1996 ló lé e jáde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ fi gbà kí àwọn ènìyàn da irú bátìrì wọ̀nyí mọ́ pàǹtí ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé California kò gbà. Ṣùgbọ́n kí a gbà á láàyè nínú pàǹtí kò sọ pé kí a dáná sun ún, tàbí kí a jù ú sí ṣáláńgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Bátìrì fóònù tó wú yẹn yàtọ̀ pátápátá. Lítíọ́mù ni, ara kan náà ni òun àti ti páwà báńkì àti ti ọ̀pọ̀ àtùpà sólà tuntun. Wíwú rẹ̀ túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti kó jọ sínú rẹ̀. Bí a bá gún un, tí a tẹ̀ ẹ́ fọ́, tàbí tí a tún ń fi iná sí i pé bóyá yóò jí, ó lè gbiná fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe iná tí í tètè kú. Ẹ fojú inú wo irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ akólẹ̀ tí ń tẹ pàǹtí mọ́lẹ̀, láàárín ọ̀rá àti bébà gbígbẹ. Àwọn tó ń gbé ní Ojọ́ta kò tíì gbàgbé oṣù kẹta ọdún 2018 tí ààtàn Olúsosùn gbiná, tí èéfín rẹ̀ bo àdúgbò. Ààtàn tí ó lè jó bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a tún gbé ìṣáná ránṣẹ́ sí i láti inú ilé wa.

Èyí tó kù kò sí nínú agolo, ṣùgbọ́n ó ń wọ ilé wa lójoojúmọ́ báyìí tí oníkálukú ń ra inverter: bátìrì omi, ẹ̀gbọ́n bátìrì ọkọ̀. Ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni òjé. Àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè gbọ́ òjé kí a má rántí àwọn olórìṣà Ọbàtálá nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ẹ̀gbà òjé lọ́wọ́ wọn. Irin rírọ̀ ni, kò nílò iná ńlá kí ó tó yọ́. Nǹkan bí 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó, iná èédú lásán lè ṣe é. Ìrọ̀rùn yìí ni ó fi ń pani. Ẹnikẹ́ni tó ní ìkòkò àti ẹ̀wìrì lè di ayọ́jé ní ẹ̀yìnkùlé, eruku rẹ̀ á sì wọ inú yanrìn tí ọmọ ń fi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé ara ọmọdé máa ń gba ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ohun tí ara àgbà ń gbà nínú òjé tí wọ́n bá gbé mì.

Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008. Wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ ní àdúgbò náà, àwọn obìnrin sì ń jọ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ láti ṣa òjé tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tà. Àwọn ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ wa níbí, Ògìjò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Ìkòròdú, ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀ sí. Ní ọdún 2025, ìwádìí àwọn oníròyìn fi hàn pé òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé níbẹ̀, ìjọba sì gbé àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà.

Mo gbé agolo náà dání padà sí Ìbàdàn. Mo rò pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan n ó ti rí ibi tí n ó kó o sí. Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ.

Oníkọ́ńdẹ́mù tí ń ti ọmọlanke kọjá ní àdúgbò mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ó wo inú agolo, ó rẹ́rìn-ín. Bátìrì mọ́tò ni òun ń rà, kì í ṣe ti rédíò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí i ní ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa tí ó ra òkú bátìrì inverter méjì, ó dojú wọn dé sórí gọ́tà kí omi inú wọn lè gbẹ. Mo bi í léèrè. Ó ní àwọn tí òun ń tà á fún kì í san owó omi. Omi yẹn, ásíìdì pẹ̀lú òjé nínú, ṣàn gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá. N kò lè bínú sí i tó bí mo ṣe bínú sí aládùúgbò wa, tí ó dúró tì í tí ó ń ka owó. Ẹni tó bá ní irú bátìrì yìí lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ta tuntun fún un bóyá yóò gba èyí tó ti kú pẹ̀lú omi rẹ̀, kí ó sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tuntun. Ọ̀pọ̀ wọn a máa gbà. Ní ìdúró ni a ń gbé e, a kì í dà á dùbúlẹ̀.

Bátìrì fóònù ni ó rí ibùgbé kíákíá. Mo gbé e lọ sí Queen Cinema, níbi tí àwọn atúnfóònù-ṣe pọ̀ sí, nínú ike tí mo da yanrìn sí. Ẹni kẹta tí mo bá níbẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, ó sì fi sínú garawa yanrìn tirẹ̀. Ó ní ẹnì kan máa ń wá kó òkú bátìrì àti pátákó fóònù lọ sí Èkó fún àwọn tó ń tún un lò. Àwọn róbótó márùn-ún ni èmi fúnra mi gbé dé Èkó, nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀, sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. Mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú wọn méjèèjì, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn.

Ogójì tó kù nínú agolo ńkọ́? N kò rí ẹni tó fẹ́ wọn. Ìbátan mi kan ní London sọ fún mi pé ní tiwọn, àpótí bátìrì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá. Láti ọdún 2010 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé ìtajà tó bá ń ta ju kílógíráàmù 32 lọ́dún láti máa gba òkú bátìrì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kò wọ́n wa náà. Àjọ NESREA wà láti ọdún 2007, ní ọdún 2024 sì ni ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde lórí bátìrì nìkan, èyí tí ó di ẹrù rẹ̀ lé àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọ̀lú lórí. Àpótí ni n kò tíì rí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kankan ní àdúgbò mi.

Mo ṣe ohun tó kù. Mo nu wọn gbẹ, mo yọ àwọn méje tí ó ti jò sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá méjì, mo dì wọ́n, mo sì kó wọn fún ọkọ̀ akólẹ̀ tí a ń sanwó fún, kì í ṣe fún ọmọkùnrin tí ń kó pàǹtí lọ dà sínú odò lóru. Inú mi kò dùn sí i. Ó sàn ju iná ẹ̀yìnkùlé lọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ilé mi, ike onídèérí kan ló gba ipò agolo. Kì í ṣe irin, nítorí irin a máa so ẹnu bátìrì kan pọ̀ mọ́ èkejì, pàápàá èyí onígun mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì wà lórí kan náà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, níbi tí oòrùn àti ọmọdé kò lè dé. Fún aago àti rìmóòtù, mo ti ra bátìrì tí a lè fi iná sí lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Owó rẹ̀ dun mí lọ́jọ́ tí mo rà á.

Mo ra ike kan náà lọ sí Ìsẹ́yìn fún àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jogún rédíò náà. Wọ́n gbà á, wọn kò sọ nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè mí ní alẹ́. Mo ń gbọ́ ìròyìn láti inú rédíò náà lẹ́yìn ohùn wọn. Wọ́n ní àwọn ti lẹ bébà mọ́ ìdérí rẹ̀, bí ọ̀kan bá ti wọlé, àwọn á kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó ti di mẹ́rin báyìí," ni wọ́n wí. "Ọmọ ilé ìwé, ìgbà wo lo ń bọ̀ wá kó o?"